Ọ́ìlì Tí Mo Pò Mọ́ Epo Jẹnẹrétọ̀ Mọ́ṣáláṣí Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Kì í jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán kó tó rán mi létí ara rẹ̀. Èmi kì í ṣe olè. Mi ò gba ọkọ ọlọ́kọ rí. Ohun tí mo ṣe ò ju pé mo da ọ́ìlì sínú epo bẹntiróò lọ. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yẹn ló ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí tí mi ò gbọdọ̀ fi irọ́ sí mọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí nìyẹn.

Èmi ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kó má fi gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe. Ó ní orí fóònù ni òun máa gbé e sí, pé ẹ kì í dárúkọ ẹni níbẹ̀, pé kíá lẹ sì máa ń dáhùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ ará Joju níbí ní Sango, kí ẹ tó kà á dé ìdajì, ẹ ó ti mọ ìyá tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná.

Ilé wa fara ti mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Nígbà tí mọ́ṣáláṣí ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, èyí tó máa ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí kò rí ìyá rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé mi ni wọ́n gbé e sí. Bí mo ṣe di olùtọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Bí iná ìjọba bá lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ló ń gbé gbohùngbohùn Lèmọ́mù. Wọ́n wá ń pè mí ní Ìyá Jẹnẹrétọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, kí n má purọ́.

Èyí kékeré yẹn kì í mu epo lásán. Ikùn kan ṣoṣo ló ní. Ibi tó ti ń mu epo náà ló ti ń mu ọ́ìlì, nítorí náà a gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ epo kí a tó rọ ọ́ sí i. Èmi ni mo mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mo ní agolo tòmátò kékeré kan. Agolo ọ́ìlì kan sí kẹ́ẹ̀gì epo kékeré kan, màá wá mì í jìgìjìgì bí ẹni ń mi àgbo ọmọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ yẹn kò ṣàìsàn ọjọ́ kan. Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí á ní, "Ìyá ló mọ oúnjẹ rẹ̀." Orí mi á sì wú.

Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tó ń fa omi àlùwàlá. Èyí kékeré kò lè gbé e. Ni wọ́n bá ní kí Làmídì bá wọn wá jẹnẹrétọ̀ ńlá.

Làmídì yìí, ìkòríta àdúgbò wa ló ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nígbà náà. (Ọmọ tó ń kọ̀wé fún mi ti gbójú sókè. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.) Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe dàgbà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ á dúdú fún gíríìsì, síbẹ̀ kò ní jẹ́ kó kan aṣọ ẹnikẹ́ni. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń ṣílẹ̀kùn ilé wa.

Ọjọ́ tó gbé ẹ̀rọ náà dé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ fọkàn sí i o. Eléyìí yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ẹnu méjì ló ní. Ẹnu òkè yìí, epo bẹntiróò nìkan, kò gbọdọ̀ lábùlà. Ẹnu ìsàlẹ̀ yìí ni ti ọ́ìlì, èmi fúnra mi ni màá máa wá pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má po méjèèjì pọ̀ o."

Mo ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi."

"Ẹ ò ní pò ó, àbí?"

"Làmídì, ṣé kí n búra ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò kàn gbà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún jẹnẹrétọ̀ lóúnjẹ, Làmídì ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ni. Ọmọ àná wá fẹ́ kọ́ mi. Mo tún wo ẹ̀rọ náà bó ṣe gbórín tó, mo ní bí kékeré bá ń mu agolo kan, báwo ni eléyìí ṣe máa wá jẹun láìlọ́bẹ̀? Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò jẹ̀bi. Mo po agolo méjì sí i.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Mo rò pé ebi ọ́ìlì ló ń pa á, mo fi agolo kan kún un. Bó ṣe ń rú u ni mo ń fi kún un.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Làmídì wá. Á tú pílọ́ọ̀gì rẹ̀, á nù ún, á da epo inú rẹ̀ nù, á rọ epo tó gbé wá fúnra rẹ̀ sí i, ẹ̀rọ náà á sì máa dún kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀. Á wá máa họrí.

"Màmá, níbo lẹ ti ń ra epo?"

"Ilé epo ni."

Irọ́ kọ́. Ibi tí mo ti ń rà á ló bi mí, kò bi mí léèrè ohun tí mo ń fún un jẹ.

Ọjọ́ wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé-kéwú ló wá pé. Àwọn ọmọ tó parí kéwú wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn òbí náà wọ funfun. Àlejò wá láti Àtàn, wọ́n wá láti Adó-Odò. Ọmọ Làmídì ọkùnrin wà lára àwọn ọmọ náà, Làmídì fúnra rẹ̀ sì wọ agbádá funfun kan tó ń dán, ìyàwó rẹ̀ ń tún un ṣe fún un léjìká.

Èmi wo jẹnẹrétọ̀, mo ní ọjọ́ ayẹyẹ lèyí, kí òun náà jẹun yó. Agolo márùn-ún ni mo rọ sí i.

Ọmọ Làmídì ló dé ìdí gbohùngbohùn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ohùn ọmọ náà ń dùn, gbogbo èèyàn ń mi orí. Èéfín ti ojú fèrèsé wọlé bí àlejò tí a ò pè. Lèmọ́mù wúkọ́, ikọ́ náà jáde nínú gbohùngbohùn, ó gba gbogbo Joju kan. Ẹnì kan ké pé ilé ń jó. Àwọn obìnrin sáré jáde, bàtà oníbàtà ni wọ́n wọ̀. Jẹnẹrétọ̀ sé òsúkè ẹ̀ẹ̀mẹta, ó kú. Ọmọ yẹn nìkan ni kò dúró. Ó ń kà á lọ láìsí gbohùngbohùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, bóyá èéfín ni, bóyá ẹkún ni.

Làmídì sáré wá sẹ́yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú agbádá funfun. Ó ti ìka bọ inú epo, ó fi ìka ra ìka, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ọ́ìlì ló wà nínú epo yìí. Ẹni tó ń pò ó ló ń pa ẹ̀rọ yìí."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibẹ̀ dáadáa. Ṣáájú ìgbà yẹn, àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ yẹn, ó yé mi kedere.

Gbogbo èèyàn wò mí. Alàgbà kan, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí àlùjánńà, dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Làmídì, má fi ìyá wa ṣe bojúbojú. Ọdún mẹ́jọ ló fi tọ́jú ti àkọ́kọ́, kò kú sí i lọ́wọ́. Tìẹ kò tíì lo oṣù mẹ́ta."

Bóyá bí bàbá yẹn kò bá gbèjà mi, ǹ bá ti sọ òótọ́. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo lanu, mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ayédèrú ló tà fún wa."

Gbólóhùn kan péré nìyẹn.

Làmídì wò mí. Kò sọ pé, "Màmá, irọ́ lẹ pa." Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì mọ́ agbádá funfun yẹn. Ẹni tí kì í jẹ́ kí gíríìsì kan aṣọ ẹlòmíràn. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ní bóyá àlùjọ̀nnú ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n kó àwọn afáà jọ, wọ́n ṣàdúrà sí jẹnẹrétọ̀ lórí. Èmi ni mo ṣe Àmín tó lọ sókè jù. Ásítàfúrúláì. Agolo ọ́ìlì wà lábẹ́ ìborùn mi.

Làmídì wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tan án láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí gbogbo ayé lè rí i pé kò rú èéfín. Wọ́n ní ó ti pààrọ̀ inú rẹ̀ ni. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Làmídì Eléèéfín. Àwọn ọmọdé fi ṣe orin. Kí ọdún yẹn tó parí, kò sẹ́ni tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Àtàn.

Mọ́ṣáláṣí ra òmíràn. Epo bẹntiróò nìkan ni mo fún ìyẹn láti ọjọ́ kìíní, kò sì rú èéfín rí. Wọ́n tún ń yìn mí fún un. Ẹ wo ayé.

Mo rò pé ó ti parí. Mo gbé agolo náà pamọ́ sẹ́yìn àmù omi, mò ń jẹun, mò ń sanra.

Àfi bí ọmọ ọmọ mi kan ṣe mú ọkọ àfẹ́sọ́nà wálé ní ìjelòó. Ọmọkùnrin náà mọ́ tónítóní. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìdíròkò, òun ni wọ́n ń pè bí ẹ̀rọ wọn bá dákú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó pẹ́ nílẹ̀ débi pé mo ní kó dìde kó má baà sùn lọ. Mo bi í pé ọmọ ta ni.

Ó ní, "Wàsíù ni mí, Màmá. Ọmọ Làmídì ni, tó wà ní Àtàn."

Ẹ̀kọ tí mò ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọmọ mi ọkùnrin, Mùítálà, tó jẹ́ bàbá ọmọbìnrin náà, ń ṣe ojúure títí ọmọ náà fi lọ. Bó ṣe jáde báyìí, ó fò dìde. "Làmídì wo? Làmídì Eléèéfín? Ẹni tó rẹ́ ilé Ọlọ́run jẹ! Kí ló kù tí kò ní rẹ́ jẹ? Mi ò ní í fi ọmọ mi fún irú wọn."

Ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Èmi ní kí wọ́n mú sùúrù, pé a kì í kọ ọkọ láìṣèwádìí. Ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, àgbàlagbà á lọ sí ibi tí ìdílé ọkọ ti gbé rí, á béèrè bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n ń ṣèkà. Mo fẹ́ fi dá àkókò dúró ni. Mi ò mọ̀ pé ọrùn ara mi ni mò ń so okùn mọ́.

Mùítálà ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ ṣe é, Màmá. Ta ló mọ Joju jù yín lọ? Ohun tí ẹ bá bá bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú níwájú ẹbí, abẹ́ ẹ̀ lèmi wà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú ọ̀pá, mo lọ ṣèwádìí ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi sọ.

Mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Làmídì àtijọ́. Ó ní, "Láìláhà, èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń bá mi gbé àpò. Àfi ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ayédèrú yẹn ṣá."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ayédèrú ni?"

Ó ya ẹnu sílẹ̀, ó wò mí. "Màmá, ẹ̀yin kọ́?"

Mo ní mo ń dán an wò ni.

Mo dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà kan tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Kò mọ Làmídì rárá. Àmọ́ ó ní bí oníbàárà bá fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ ní gáréèjì, ohun tí àwọn máa ń sọ ni pé, "Ọ̀gbẹ́ni, má ṣe mí ní Làmídì." Ó ní òun rò pé òwe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti sọ èèyàn tó wà láàyè di òwe.

Ọ̀dọ̀ Ládàánì ni mo parí rẹ̀ sí, bàbá tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní, "Èmi kò gbà á gbọ́ rí, ọmọ yẹn kì í ṣe irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo sún mọ́ ẹ̀rọ náà jù. Bí ìwọ bá ti sọ pé ayédèrú ni, ta ni èmi?"

Gbogbo ilé tí mo wọ̀, ẹnu ara mi ni mò ń bá níbẹ̀. Mo padà sílé, mo jókòó, ẹ̀rín ń pa mí, ojú ń tì mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Ọmọbìnrin tí Wàsíù fẹ́ fẹ́ yìí, Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń pè é, òun náà ló jókòó tì mí tó ń kọ̀wé yìí. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń pọn omi ìwẹ̀ fún mi. Ni mo bá ní kó mú bírò, kó bá mi kọ ìwé sí àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀, kó lè gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọ ọ́.

Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní ayédèrú ni, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, agolo mélòó lẹ ní ẹ rọ sí i lọ́jọ́ wòlímọ̀?"

Mo ní, "Márùn-ún."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìbòrí rẹ̀ fi bọ́. Ó sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní Wàsíù sọ fún òun pé ọjọ́ tí òun ń kéwú nínú èéfín yẹn gan-an ló mú kí òun kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Pé òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú èéfín yẹn, nítorí bàbá òun kò purọ́ rí.

Ohun tó wà nínú èéfín yẹn wà lẹ́yìn àmù mi láti ọjọ́ yìí wá.

Ọjọ́ Àìkú kò ṣòro fún mi mọ́. Màá dìde níwájú ẹbí, màá sọ ọ́, bí Mùítálà bá fẹ́ kó dákú, omi wà nílé. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, màá ní kí Lèmọ́mù fún mi ní gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ Làmídì fúnra rẹ̀ ló le, torí Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ, kí Àìkú tó pé. Òótọ́ ló sọ.

Ibi tí mo nílò ìmọ̀ràn yín nìyí. Mo mọ irú ọmọ tí Làmídì jẹ́. Bí mo bá yọ sí i ní Àtàn, yóò ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó lanu. Báwo ni èèyàn ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹni? Bí mo bá sì kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo tó ìyá rẹ̀, wọ́n á ní èpè ni mo ń ṣẹ́ fún un. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dúró ni? Ṣé kí n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Mo ti pinnu pé màá mú agolo yẹn dání, kó fọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú, kó sì mọ̀ pé orí òun pé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ nílé, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè ohun tó ń mu, kí ẹ sì gbà bó bá sọ fún yín, kódà bó jẹ́ ọmọ yín. Èyí tó ní ẹnu méjì, ẹ má po oúnjẹ rẹ̀ pọ̀.

Ẹ sì bá mi ṣe ẹyọ kan sí i. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni pe Làmídì ní Eléèéfín, ní Joju tàbí ní gáréèjì, ẹ dá a dúró. Ẹ ní ẹni tó ni orúkọ náà ti jáde wá gbà á. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló ń gbé, ìyá arúgbó kan ni, agolo tòmátò wà lọ́wọ́ rẹ̀.